Ọjọ́ Tí Òkè Gbàgbé Bíréèkì

Ọdún mọ́kànlá ni Òkè àti Ìsàlẹ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì kì í fojú kan ara wọn tó wákàtí kan lójúmọ́. Òkè ló ń wa kiréènì, ẹ̀rọ gíga tó dà bí òpó irin tó ní apá kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n fi ń gbé irin àti kọnkéré níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà púpọ̀. Inú yàrá kékeré onígíláàsì kan ló ń jókòó sí lókè téńté. Ìsàlẹ̀ ní tirẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Òun ló ń fi ọwọ́ àti wokitókì, rédíò kékeré ìbánisọ̀rọ̀, júwe ibi tí ẹrù máa gbà fún Òkè, nítorí ẹni tó wà lókè kò lè rí ẹ̀yìn ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ ló fún wọn lórúkọ yẹn. Ó mọ́ wọn lára débi pé ìyàwó Òkè gan-an, lọ́jọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn, a máa ké sí i láti ibi ìdáná pé, "Òkè, ṣé ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun?"

Wọ́n ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré. Tí ẹrù bá ti wọ ibi tí ojú Òkè kò dé, Ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Á máa sọ ọ́ lọ láìdánudúró: "Máa bọ̀, máa bọ̀, máa bọ̀, díẹ̀ sí i, máa bọ̀." Tí ohùn rẹ̀ bá ti dá pẹ́nrẹ́n, ì báà jẹ́ pé bátìrì ló kú, ọwọ́ Òkè gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹrù so rọ̀ níbi tó bá dé títí ohùn máa fi padà. Nígbà kan, Ìsàlẹ̀ sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra. Ìdì irin kan so rọ̀ lókè ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ó fi nu imú rẹ̀ tán, bíríkìlà kan tó wà nínú ibẹ̀ sì gbójú sókè, ó rí i, ó sá jáde tòun ti ṣòkòtò lọ́wọ́. Wọ́n fi ìyẹn rẹ́rìn-ín fún oṣù kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ pé kí òfin náà yí padà.

Òfin kejì jẹ́ ti Òkè nìkan. Tí iṣẹ́ bá parí, kó tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tú bíréèkì tó di apá kiréènì mú. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á rò pé kí wọ́n dì í pinpin ló dáa, kí atẹ́gùn má baà gbé e. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Apá náà gùn tó òpó iná mẹ́fà tí wọ́n tò mọ́ra. Tí ìjì bá bá a níbi tí wọ́n ti dì í mú, gbogbo agbára atẹ́gùn ló máa kó lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, á sì wó o lulẹ̀ tigbòǹgbò tigbòǹgbò. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú u, fúnra rẹ̀ ló máa yí, á kọ ẹ̀yìn sí ìjì, ìjì á sì kọjá. Ẹni tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan nínú iṣẹ́ náà mọ èyí. Láti ọjọ́ tí Òkè ti ń wa kiréènì, kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Oṣù méje kí ọjọ́ tí a ń sọ yìí tó dé ni nǹkan ti wọ ọkùnrin náà lára.

Kò gbóná, kò rù, kò wúkọ́. Oorun á kàn dá lójú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, á sì máa wo àjà. Oúnjẹ di ìwé lẹ́nu rẹ̀. Lọ́sàn-án, á jókòó nínú yàrá onígíláàsì náà tòun ti abọ́ oúnjẹ lórí itan, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀ láìṣe pé ó ń ronú ohun kan pàtó, bí ẹ̀rọ omi tí rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ. Á fi apá aṣọ nù ún, á sì bá iṣẹ́ lọ. Kò ṣi ẹrù kankan gbé. Ohun tó ń yà á lẹ́nu nìyẹn, pé ọwọ́ òun ṣì mọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ òun fúnra òun kò sí níbẹ̀.

Ó wá ìdí rẹ̀ títí, bí a ti ń wá ibi tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ara ìyàwó rẹ̀ le. Àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa nílé ìwé. Òrùlé kò jò. Kò sí ẹni tó kú, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan kú ni, ì bá mọ ohun tó máa wí. Ṣùgbọ́n kí ọkùnrin tí kò sí ohun tó ṣe é máa sunkún lójú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n lé nílé, ta ló máa sọ ìyẹn fún? Ojú tì í, ó sì gbé e mì.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé ìwé fún àwọn ọmọ àdúgbò, kì í ṣe ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ po. Ó sọ fún un pé ara nìkan ló ń ti ibi iṣẹ́ dé, pé òun kò tíì rí ẹni tó ni ín. Ó ní kó lọ rí dókítà. Òkè dáhùn pé tí òun bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibo ni òun máa ní ó ń dun òun? Ibo ni òun máa nawọ́ sí?

"Ẹ nawọ́ sí gbogbo ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

Kò lọ. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìrònú kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jókòó nínú yàrá òkè náà. Ìrònú náà kì í pariwo. Ó kàn ń sọ fún un pé gbogbo àárẹ̀ yìí lè tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó bá fẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, Òkè lé e. Nígbà kejì, ó jẹ́ kó jókòó.

Ó yẹ ká dárúkọ ọ̀rọ̀ eyín náà níbí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìsàlẹ̀ gbàyè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ pé ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ òun á máa lọ rí dókítà eyín. Odindi ọdún kan ló fi lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ di àpárá. Wọ́n ń ka eyín tó yẹ kó ti kù lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó le jù nínú wọn ni awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó kọnkéré wá, ọkùnrin ẹlẹ́nu mímú tí wọ́n ń pè ní Póòpó nítorí póòpó, ọ̀nà tóóró, tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń há sí. Póòpó ní ọ̀nì gan-an kò ní eyín tó bẹ́ẹ̀. Ó ní dókítà yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin, kó sì lẹ́wà. Ìsàlẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Tó bá sì ti ń rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ á hàn, wọ́n pé, wọ́n funfun, kò sí èyí tó yingin. Kò sí ẹni tó rò ó wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti kéde láàárọ̀ pé ìjì ńlá máa jà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ọ̀gá ibi iṣẹ́ ní kí gbogbo ènìyàn ṣíwọ́ ní agogo méjì ọ̀sán. Ọ̀gá náà jẹ́ obìnrin tí kò ju ọmọ tí Òkè lè bí lọ. Tépù ni wọ́n ń pè é, nítorí tépù ìwọnlẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá sì ń ronú, a máa fà á jáde, a tún jẹ́ kó wọlé padà, tákáṣí, tákáṣí.

Òkè gbé ẹrù tó gbẹ̀yìn kọjá ògiri, Ìsàlẹ̀ ń pè é bọ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ku kó pa ẹ̀rọ, kó tú bíréèkì, kó máa lọ sílé. Kò dìde. Ìrònú yẹn ti dé, ó jókòó tì í, lọ́jọ́ náà ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí jìnnìjìnnì fi mú Òkè. Ó pa ẹ̀rọ, ó jáde, ó di àkàbà mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí nǹkan ń lé bọ̀. Irin igba ó lé méjìlá ló wà lára àkàbà náà. Kò ka ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tó dé ilẹ̀, Ìsàlẹ̀ bi í pé kí ló dé, ó ní ó rẹ òun ni.

Ó wọ yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó bọ́ akoto àti bàtà. Nígbà tó máa jáde, ó rí Ìsàlẹ̀ tó dúró síbi tó fi í sí, orí sókè. Ó wo ibi tí ìyẹn ń wò.

Ọ̀rá ńlá tí wọ́n fi bo sìmẹ́ǹtì ń fẹ́ lẹlẹ sí apá kan. Eruku ń sá lọ sí apá kan náà. Ewé igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ti kọ ẹ̀yìn síta. Ohun gbogbo ló ń tẹ̀lé atẹ́gùn, àfi apá kiréènì. Ó dá dúró gbagidi lókè yẹn, ó dojú kọ ìjì tó ń bọ̀, ó sì ń ké ní ohùn tínínrín kan tí Òkè kò gbọ́ rí.

Òkè rántí bíréèkì.

Tépù ti jáde síta. Kò pariwo. Ó rán ènìyàn sí òpópónà tó wà lẹ́yìn ògiri kí wọ́n kó gbogbo àwọn tó wà nínú ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ibẹ̀ kúrò, ó rán ẹlòmíràn lọ dí ọ̀nà. Ó wo ẹ̀rọ kékeré tó ń ka agbára atẹ́gùn, ó ní ó ku bíi wákàtí kan tí ènìyàn ṣì lè fi gun àkàbà náà, lẹ́yìn ìyẹn, òun kò ní jẹ́ kí ẹyẹ gan-an gùn ún. Ó béèrè pé ta ló gbàgbé. Òkè ní òun ni. Ọ̀gá náà ní ìyẹn di ẹ̀yìn. Ohun tó wà níwájú ni pé kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá gùn ún nínú irú atẹ́gùn báyìí, àwọn méjì ló gbọ́dọ̀ lọ, awakọ̀ kiréènì kejì sì wà nílé, ilé rẹ̀ sì jìnnà.

"Màá dá lọ," ni Òkè wí. "Kò le. Ẹ jẹ́ kí n dá lọ."

Ohùn rẹ̀ yá jù. Ó fúyẹ́ jù. Ó jẹ́ ohùn ẹni tí wọ́n fún láyè lọ síbi tó ti ń wù ú lọ. Ìsàlẹ̀ gbé ojú kúrò lókè, ó wò ó lójú. Ojú tó ti ń wo ẹrù fún ọdún mọ́kànlá nìyẹn, tó mọ ẹrù tí wọ́n so dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ti ń yọ. Ó wò ó pẹ́.

"A jọ ń lọ ni," ni Ìsàlẹ̀ wí.

Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù òkè. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ nìyẹn. Nílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń gun àga pààrọ̀ gílóòbù, òun á kàn di ẹsẹ̀ àga mú, á sì di ojú. Tépù fa tépù rẹ̀ jáde, ó jẹ́ kó wọlé padà. Ó bi í bóyá ó dá a lójú. Ìsàlẹ̀ ní kò dá òun lójú rárá, kí wọ́n fún òun ní bẹ́líìtì ààbò.

Òkè dé akoto, ó wọ bàtà padà, òun ló sì ṣáájú. Atẹ́gùn ń fà á láṣọ. Ní gbogbo ìgbà tó ti ń gun àkàbà yẹn, kò tíì gbọ́ èémí ẹlòmíràn nídìí rẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ ń mí bí ẹni tó ń fọ aṣọ. Ó ń so ìkọ́ bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ irin, á gbé ẹsẹ̀, á tú u, á tún un so. Ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, Òkè sọ fún un pé kó má wolẹ̀.

"Ilẹ̀ ni mo mọ̀ jù láyé," ni Ìsàlẹ̀ wí, ojú rẹ̀ ti ranko. "Kí ni mo tún fẹ́ wò níbẹ̀?"

Wọ́n gùn ún dé ibi ìsinmi kejì, wọ́n dé ìkẹta. Òkè wẹ̀yìn. Ó rí ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́rin tó ti hùwú, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí atẹ́gùn tàbí nítorí ìbẹ̀rù, tó sì tún gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkè ti rí òwúrọ̀ tí kùrukùru bo gbogbo ìlú tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà nínú oòrùn. Ó ti rí mànàmáná láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò tíì rí ohun tó tó èyí. Ọkùnrin yìí ń kú lọ sára àkàbà nítorí tèmi, ló ń sọ nínú ara rẹ̀, kò sì mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe.

Pèpéle irin kan wà nísàlẹ̀ yàrá onígíláàsì náà. Ibẹ̀ ni agbára Ìsàlẹ̀ parí sí. Ó so bẹ́líìtì rẹ̀, ó fi apá méjèèjì gbá òpó irin mọ́ra, ó di ojú. Òkè kọjá, ó wọlé, ó jókòó. Ìrònú yẹn ti wà níbẹ̀, ó ń dúró dè é.

Wokitókì dún. "Òkè, ṣé o gbọ́ mi?"

Àlàfo tó wà láàárín wọn kò gùn tó ibùsùn méjì. "Mo gbọ́," ni Òkè wí sínú tirẹ̀.

"Tú u."

Ó na ọwọ́, ó tú bíréèkì.

Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà irin ńlá náà mí kanlẹ̀, igbe tínínrín yẹn dá, apá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Kò yára. Ó ń lọ bí àgbàlagbà tó ń yí ìhà padà lórí ibùsùn. Yàrá onígíláàsì náà ń bá a lọ, ìlú sì ń kọjá níwájú Òkè: àwọn òrùlé, odò, ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, òkè tó wà lẹ́yìn odi ìlú, àwọsánmà dúdú tó ga ju ohun gbogbo lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ló ti rí wọn. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń yí apá náà. Òun kọ́ ló ń yí i yìí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan rẹ̀, kò di ohunkóhun mú, ohun tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ sì ń lọ, kò sì ṣubú.

"Ó ń yí," ni Ìsàlẹ̀ wí. "Mò ń gbọ́ ọ nínú eegun mi. Ó yá, sọ̀ kalẹ̀."

Òkè kò dáhùn.

"Òkè."

Kò dáhùn.

"Ó dáa. O ti dákẹ́. O mọ òfin. Tí ohùn bá ti dá, ẹnikẹ́ni kì í kúrò níbi tó wà. Ẹ̀rù ń bà mí, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí, ìjì sì ń bọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí tí mi ò bá gbóhùn ẹ."

Atẹ́gùn kọjá. Ìsàlẹ̀ tún tẹ wokitókì.

"Eyín kankan ò dùn mí rí láyé mi," ni ó wí. "Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn. Dókítà tó ń gbọ́rọ̀ ènìyàn ni mò ń lọ rí. Ọkàn mi ló dà rú. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ilé mi fún wákàtí kan, mi ò ní lè ṣílẹ̀kùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan, kápẹ́ẹ̀tì ni mo wò. Lọ́jọ́ kejì, mo sunkún títí imú mi fi dí. Wọ́n fún mi lóògùn, mo lò ó fún oṣù mẹ́jọ."

Òkè gbé wokitókì sẹ́nu. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Òkè gbọ́ tí nǹkan kan jáde lẹ́nu ara rẹ̀, ẹ̀rín ni, kò sì pẹ́ kó tó di ẹkún.

"Gbé ọ̀rọ̀ náà kọ́," ni Ìsàlẹ̀ wí. "Gbé e kọ́ sórí ìkọ́, kí o máa gbé e bọ̀. Mo wà nílẹ̀."

"O ò sí nílẹ̀."

"Mo mọ ibi tí mo wà, má rán mi létí. Máa bọ̀."

"Oṣù méje," ni Òkè wí.

"Máa bọ̀."

"Mi ò sùn. Oúnjẹ ò dùn. Mò ń sunkún níbí lọ́sàn-án, mi ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí."

"Máa bọ̀. Díẹ̀ sí i."

"Kò sí ohun tó ṣe mí. Mo wá a títí. Kò sí."

"Kò dìgbà tí nǹkan bá ṣe ènìyàn. Máa bọ̀."

Ìsàlẹ̀ ní, "Ṣé ó máa ń wù ẹ́ kí o má sí láyé mọ́?" Bó ṣe máa ń béèrè bóyá ìdì irin kan ti dọ́gba ló ṣe béèrè rẹ̀.

Ọwọ́ Òkè rọ̀ mọ́ wokitókì. Odò tún kọjá níwájú rẹ̀. "Ó ń wù mí," ni ó wí.

"Lónìí ńkọ́?"

"Lónìí náà."

"Ìgbà tí o ní kí wọ́n jẹ́ kí o dá wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dúró," ni Ìsàlẹ̀ wí. "Dúró síbẹ̀. Ó ti balẹ̀. Mo ti rí i, ọwọ́ mi wà lára ẹ̀. Má tú ìkọ́." Ó tún tẹ wokitókì. "Ní báyìí, jáde níbẹ̀, kí o wá mú mi sọ̀ kalẹ̀, nítorí mi ò lè dá sọ̀. Tí o ò bá mú mi, orí àkàbà yìí ni wọ́n máa bá mi lọ́la."

Òkè yíjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá náà. Kò lè sọ pé ìrònú yẹn ti lọ. Ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kéré, ó jọ ẹni tí wọ́n ká mọ́ inú ilé onílé. Ó dìde, ó jáde. Ó lọ sí abẹ́ Ìsàlẹ̀ lórí àkàbà, ó ń fi ọwọ́ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí irin kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ọ́ fún un láìdánudúró: máa bọ̀, máa bọ̀, díẹ̀ sí i. Lójú ọ̀nà, ó ka irin igba ó lé méjìlá náà, ó kà á pé.

Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀, Ìsàlẹ̀ jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa iyẹ̀pẹ̀ náà lára. Tépù ti gbé ìwé iṣẹ́ kiréènì wá, torí pé ẹni tó bá ṣe àṣìṣe gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fà á kó tó kúrò. Òkè ì bá kọ ọ́ pé àárẹ̀ ni. Ó di bírò mú, ó sì kọ ọ́ báyìí: Mo gbàgbé bíréèkì. Ọkàn mi kò dá ṣáṣá. Ó ti tó oṣù méje. Mo fẹ́ lọ gba ìtọ́jú.

Tépù kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. "Ẹ ò ní gùn ún lọ́la," ni ó wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa gùn ún lọ́jọ́ míì, sà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó béèrè ẹni tó máa sìn ín délé. Ìsàlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti inú iyẹ̀pẹ̀.

Ìyàwó Òkè wà nídìí máṣíìnì nígbà tí wọ́n wọlé. Òkè kò jókòó. Ó sọ ọ́ tán níbi ẹnu ọ̀nà, títí kan ìrònú tó ń bá a jókòó lókè. Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró lórí máṣíìnì. Ó ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Obìnrin náà dìde, okùn pupa ṣì so mọ́ aṣọ rẹ̀, ó gba akoto lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ nǹkan wò.

"Ẹ káàbọ̀," ni ó wí. "Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń retí yín."

Kò jẹ́ kó dá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìjì jà, ó ká páànù lórí ilé púpọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kiréènì wà lórí ìdúró, ó ti kọ ojú sí ibòmíràn pátápátá.

Wọ́n rí àyè fún un lọ́dọ̀ dókítà yẹn ní Ọjọ́bọ̀. Ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e. Òkè ti ro ibẹ̀ sí ibi tó ṣókùnkùn, tí òun nìkan á jókòó sí bí ọ̀daràn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì dúró. Bẹ́ǹṣì méjì ló wà níbẹ̀, ọkùnrin ló kún wọn. Ọ̀kan wọ aṣọ iṣẹ́ àwọn panápaná. Ọ̀kan ní ìyẹ̀fun lára bàtà. Bàbá àgbà kan ń ka ìwé ìròyìn tó ti pẹ́, ó dorí ìwé náà kodò. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí igbáàyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ń gbọn ẹsẹ̀. Òkè ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ sì bù máṣọ bí ìgbà tí apá irin yẹn kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Gbogbo àkókò tó fi wà lókè tó ń ro pé òun nìkan ni, abẹ́ àwọn òrùlé tó ń wò yẹn ni àwọn wọ̀nyí wà.

Ní ìparí bẹ́ǹṣì kejì, ọkùnrin kan ti fi fìlà bojú. Ìsàlẹ̀ gbé fìlà náà sókè díẹ̀. Póòpó ni.

Póòpó wò wọ́n. Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Eyín ni," ni ó wí.

"Èwo nínú wọn?" ni Ìsàlẹ̀ béèrè.

Póòpó rò ó. "Gbogbo ẹ̀."

Bàbá oníwèé ìròyìn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Póòpó sún sẹ́yìn, ó fún wọn láyè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì há mọ́ ara wọn níbẹ̀ títí nọ́ọ̀sì fi pe Òkè.

Yàrá dókítà náà kéré, kò ju yàrá òkè kiréènì lọ púpọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan wà nílẹ̀. Òkè wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó mọ̀ pé Ìsàlẹ̀ ti wò ó ṣáájú òun. Dókítà náà, obìnrin tó ti ní ewú díẹ̀, jókòó, kò sọ nǹkan kan, ó ń dúró. Òkè gbé orí sókè.

"Ẹ má bínú," ni ó wí. "Níbi iṣẹ́ mi, tí ẹni tó wà ní òdìkejì bá dákẹ́, ọwọ́ mi máa ń dúró ni."

"Kò burú," ni dókítà wí. "Mi ò ní dákẹ́. Mo wà níbí, mò ń gbọ́. Ẹ máa bọ̀."

Òkè fi ọwọ́ méjèèjì sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀.